Ẹ̀rọ ojú ọjọ́ tuntun ní yunifásítì wa: ó dáa, àmọ́ ẹ má tíì kó ti àtijọ́ dà nù

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ojú ọjọ́ Davis Vantage Pro2 tí wọ́n gbé sí ọgbà yunifásítì wa nílẹ̀ Òkun, ní Kogi níbí, tó owó tí wọ́n ná lé e lórí. Ó tó o, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀ èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ẹ̀rọ àtijọ́ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, á ṣí àpótí funfun tí tẹmómítà wà nínú rẹ̀, á wò ó, á da omi òjò àná sínú gíláàsì tó nílà lára, á wá kọ ọ́ sínú ìwé, tí ìyanṣẹ́lódì bá sì bẹ́ sílẹ̀, ojú ewé á ṣófo nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ tí àgbẹ̀ oníṣu ń wá ìròyìn.

Tuntun yìí kì í gbà họ́lídè. Ó ń ka afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 2.5 síra wọn, sólà ló ń lò, bátìrì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì nílò wáyà kó tó fi dátà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó lè lọ tó 300 mítà tí nǹkan ò bá dí i lọ́nà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti òjò. Ẹ ṣí orí rẹ̀, ẹ máa rí ṣíbí kékeré tó ń yí, tí òjò 0.2 mílímítà bá ti wọnú rẹ̀ á yí dànù, á tún gbéra, kọ́, kọ́, kọ́, ẹ̀rọ á máa kà á.

Àmọ́ irú ṣíbí bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é, òjò alágbára máa ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́, torí omi ṣì ń dà bó ṣe ń yí lọ́wọ́. Ewé kajú kan ṣoṣo sì tó láti dí ẹnu rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn tó wá rì í mọ́lẹ̀ fi apá tó ń ka afẹ́fẹ́ sórí òpó kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nígbà tí WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní mítà 10 ní gbangba ló yẹ, ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ tí ògiri ti gé kúrú ló ń kà o!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn lẹ́kúrà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì máa ka ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún ọdún kan gbáko, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Tí iye òjò bá wá yàtọ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ ló yí padà àbí ẹ̀rọ? Tí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ọdún pípẹ́ tó wà nílẹ̀ yẹn á kàn dá dúró lọ́tọ̀ ni, kò ní so mọ́ tuntun.

Ilé ìwé tó bá fẹ́ ra tiẹ̀, ẹ gba bátìrì ìpààrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó tán, kẹ́ ẹ sì yan ẹnì kan tí á máa nu eruku ojú sólà nígbà ọyẹ́.