Ẹ̀yáwó NELFUND: fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò le, orúkọ ló ń há a

Ìjẹ̀bú mọ owó yíyá. A mọ àjọ, a mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà wa sì mọ gbọ́mú-lé-láńtà, èyí tí olówó máa ń wá gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjà ìbáà tà, ọjà ìbáà má tà. Bí a bá gbé ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ọmọ ilé-ìwé gíga lábẹ́ NELFUND sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyẹn, kò sí àfiwé. Kò lélé lórí. Kò béèrè onídùúró. Ẹni tó gbà á kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í san án títí ọdún méjì yóò fi kọjá lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 béèrè onídùúró, ó sì ní owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọdọ̀ kọjá 500,000 náírà lọ́dún. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ti mú gbogbo ìyẹn kúrò. Ẹni tó bá ṣì ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ wá lọ́yà tàbí ọ̀gá ìjọba tó máa dúró fún ọmọ yín, òfin àtijọ́ ló ń kà.

Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ OOU, Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, lè gbà á, títí kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ṣágámù. Ọmọ Tai Solarin ní Ìjagun náà lè gbà á, ilé-ìwé tó di ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2025. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ pólì, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàápàdé. Ọmọ Babcock ní Ìlíṣàn àti ọmọ Hallmark ní Ìjẹ̀bú-Ìtẹ̀lé kò sí nínú rẹ̀, torí ilé-ìwé aládàáni ni tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín “ṣe é”. Kò sì béèrè máàkì. Sikọ́láṣíìpù MTN Foundation ń wá CGPA (àròpọ̀ máàkì ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀) 3.5 lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní ọdún kẹta, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi CGPA 2.1 fà á bọ̀ náà lè jókòó kọ fọ́ọ̀mù yìí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà, ní portal.nelf.gov.ng. Ọ̀fẹ́ ni. Kafé lè gba owó títẹ̀ àti owó dátà, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jẹ́ owó fọ́ọ̀mù. Bí ìwé bá pé lọ́wọ́, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni yín. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà JAMB àti ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà NIN. Ẹ ó fi ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ṣí àkáǹtì, wọn yóò sì fi líǹkì kan ránṣẹ́ sínú ímeèlì yẹn tí ẹ ní láti tẹ̀ kí ẹ tó lè wọlé. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wo inú spam. Lẹ́yìn èyí ló kan àdírẹ́sì, ilé-ìwé, nọ́ńbà mátíríkì, BVN àti àkáǹtì báǹkì. Ìgbà tí ìwọ̀nyí bá wọlé tán ni ẹ ó tó lè béèrè owó gan-an: ẹ ó gbé lẹ́tà ìgbàwọlé sókè, ẹ ó yàn bóyá ẹ fẹ́ owó ìjẹun mọ́ owó ilé-ìwé, ẹ ó fara mọ́ àdéhùn, ẹ ó fi ránṣẹ́.

Àwọn tó ṣe ojú ìwé náà ṣiṣẹ́. Kò rúni lójú, ó sì ṣí dáadáa lórí fóònù. Ibi tí wàhálà wà ni kí ìwé mẹ́ta tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀ máa pe orúkọ kan náà. Ẹ jẹ́ ká ní NIN ọmọ kan ní Odukoya Oluwaseun Mary. Ẹni tó bá a tẹ JAMB kọ Odukoya Seun. Ní báǹkì, wọ́n kọ Odukoya Mary O. Ojú ènìyàn á rí i pé ọmọ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Èyí tó tún burú ju orúkọ lọ ni ọjọ́ ìbí, pàápàá fún àwọn tí òṣìṣẹ́ NIN bá tẹ ọjọ́ 1 oṣù kìíní nítorí pé ẹni tó mú ọmọ wá kò rántí ọjọ́. JAMB ní oṣù kẹjọ, NIN ní oṣù kìíní, ojú ìwé á kàn kọ̀ jálẹ̀.

Bí ìwé kò bá dọ́gba, NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tọ́, kí ẹ tó wá mú JAMB àti báǹkì bá a mu, torí òun ni gbogbo ìyókù ń wò. Láti ọdún 2025, 2,000 náírà ni NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ń gbà láti tún orúkọ ṣe, ti ọjọ́ ìbí sì jẹ́ 28,574 náírà. Owó ọjọ́ ìbí yẹn pọ̀, a ò ní í purọ́. Ẹni tó bá rí i pé JAMB ló ṣìnà, tí NIN sì bá ìwé ìbí mu, kó tún ti JAMB ṣe, kó fi NIN sílẹ̀ jẹ́jẹ́. BVN ní tirẹ̀, inú báǹkì nìkan ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Fún àkáǹtì, ẹ lo ti báǹkì gidi tí BVN so mọ́, tí orúkọ rẹ̀ pé. Ẹ má fi àpamọ́wọ́ orí fóònù lásán sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ìjẹun ti máa ń já sí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn orúkọ, ilé-ìwé. NELFUND kì í wo mátíríkì fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé ló ń kó orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, inú àkójọ yẹn ni ojú ìwé ti ń wá ọmọ. Nítorí náà, bí ó bá sọ pé òun kò rí mátíríkì yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún. Ẹ wò ó bóyá ìlà tó dagun (/) tàbí lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ rí bí ó ṣe wà lórí káàdì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú lẹ́tà ìgbàwọlé, káàdì ilé-ìwé àti àwòrán ohun tí ojú ìwé sọ, ẹ lọ bá àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Ọmọ ọdún kìíní tí kò tíì gba mátíríkì, kó béèrè lọ́wọ́ wọn nọ́ńbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ti JAMB.

Owó ilé-ìwé kì í dé ọwọ́ ọmọ. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti fọwọ́ sí i pé ọmọ òun ni. Ibí yìí ni a ti yọ máàkì púpọ̀ jù lọ lára ètò náà. Òbí tó ti sáré wá owó san kó tó di pé ti NELFUND dé, ọwọ́ ilé-ìwé ló ti máa gba tirẹ̀ padà, ìgbà tí ilé-ìwé bá sì rántí ni. Lọ́dún 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ kígbe síta pé àwọn ilé-ìwé kan gba owó tí wọn ò sọ fún àwọn ọmọ tó ni ín. Ìmọ̀ràn wa: gbàrà tí wọ́n bá ṣí i fún sáà tuntun ni kí ẹ kọ ọ́, kí owó lè dé ṣáájú ìdánwò. Bí ẹ bá rí i lójú ìwé pé wọ́n ti san án, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi lẹ́tà kékeré gbé e lọ sí búrsárì, ọ́fíìsì tó ń mójú tó owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.

Owó ìjẹun ńkọ́? 20,000 náírà ni lóṣù, inú àkáǹtì ọmọ ló ń wọ̀, kì í sì í wá lọ́jọ́ kan náà ní gbogbo oṣù. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e fún owó ilé. Yíyàn ni, kì í ṣe dandan, àpótí kékeré tí ẹ máa tẹ̀ yẹn ló sì yẹ kí ẹ fi ìdajì àkókò rò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ará ọjà Òkè-Ajé. Bí ọmọ bá gba ti oṣù 10 lọ́dún, 200,000 nìyẹn; ní ọdún mẹ́rin, 800,000. Bí owó ilé-ìwé bá tún jẹ́ 100,000 lọ́dún, 400,000 nìyẹn, gbogbo gbèsè di 1,200,000. Ìdá mẹ́wàá owó oṣù ni ẹni tó gbà á síṣẹ́ yóò máa yọ. Ẹni tó ń gba 100,000 lóṣù yóò máa san 10,000, ìyẹn oṣù 120, ọdún mẹ́wàá gbáko. Bí ó bá jẹ́ owó ilé-ìwé nìkan ló yá, ó parí ní oṣù 40. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ yóò máa san ìdá mẹ́wàá èrè rẹ̀. Ọmọ tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ Ìjagun, tó ń jẹun nílé ìyá rẹ̀, kí ló fẹ́ fi 20,000 ṣe? Ọmọ tó gba yàrá ní Àgọ́-Ìwòyè tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, kó gbà á.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé ẹ̀yáwó yìí kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ọdọọdún ni ọmọ máa tún wọlé béèrè ti sáà tuntun, pẹ̀lú ímeèlì kan náà tó fi ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ọmọ kafé ló bá wọn ṣí ímeèlì náà. Nígbà tí ọdún kejì bá dé, ọmọ kafé ti kó lọ sí Èkó, páásíwọ́ọ̀dù sì bá a lọ. Kí ọmọ ṣí ímeèlì tirẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kó so ó mọ́ nọ́ńbà tó wà lórí NIN rẹ̀, kó kọ páásíwọ́ọ̀dù sẹ́yìn ìwé tí ẹlòmíràn kì í yẹ̀ wò, kó tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.