Kíkọ́ idán káàdì: fídíò tí wọ́n ń tà àbí ìwé ọdún 1902?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ idán káàdì, ṣé kó ra fídíò ni àbí kó lọ ka The Expert at the Card Table, ìwé tí S. W. Erdnase gbé jáde ní Chicago lọ́dún 1902? Fídíò yá lóòótọ́, àmọ́ ìpolówó ẹ̀ ló máa ń dùn ju ọjà lọ, wàá rí káàdì tó ń pàwọ̀ dà, àwọn èèyàn ń pariwo, o sanwó tán wọ́n wá ní kó o lọ wá gọ́ọ̀mù àti sísọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ti rí gbogbo ẹ̀, kámẹ́rà nìkan lo rí tàn jẹ. Èmi ò ka ìyẹn sí idán o, ẹ jọ̀ọ́.

Ìwé yẹn le bí ojú ẹja ṣá, apá àkọ́kọ́ ẹ̀ gan-an ọgbọ́n àwọn tó ń fi káàdì ta tẹ́tẹ́ ni, ṣùgbọ́n á sọ fún ẹ pé ìka ọmọńdinrín ni kó o kì bọ àárín káàdì kí tòkè lè di tìsàlẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni fura. Dai Vernon, ọ̀gá àwọn onídán, ìwé yẹn ló ń kà látọmọdé. Ó sì ti di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.