Microsoft Defender Offline: bó ṣe bá wa lé trojan jáde nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù

Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú tí fláàṣì oníbàárà ò tíì kó bá. Fláàṣì tó ti wọ gbogbo káfé láti Akọka dé Bariga ni wọ́n á fà yọ, ìwé ìpè ìgbéyàwó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló máa ní òun ò ní kì í bọ kọ̀ǹpútà? Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni trojan, ìyẹn ètò burúkú tó ń díbọ́n bí ohun rere, gbà wọ kọ̀ǹpútà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Microsoft Defender Offline, àyẹ̀wò kan lára Defender tó jẹ́ antivirus Microsoft, ló sì bá wa yọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, inú Windows 10 àti 11 ló ti wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Iṣẹ́ inú fláàṣì ló kọ́kọ́ ń di shortcut, ìyẹn àmì lásán tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì, fáànù kọ̀ǹpútà sì ń pariwo ṣáá nígbà tá ò ṣí nǹkan kan. Ọmọ tó ń bá mi ṣe gíráfíìsì ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn, ó rí svchost.exe kan tó ń jẹ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bí ẹni máa kú. Orúkọ yẹn nìkan ò tó ẹ̀sùn, torí Windows fúnra ẹ̀ máa ń ṣí svchost rẹpẹtẹ. Ibi tó ń gbé ni kí ẹ wò. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí ẹ̀, kí ẹ mú Open file location. Ojúlówó ń gbé inú C:\Windows\System32. Tiwa mú wa lọ sí AppData\Roaming, sínú fódà kan tó ní orúkọ játijàti, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò jọ nǹkan kan.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n díléètì ẹ̀ jàre."

Ó díléètì ẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn tó ti fi End task dá a dúró. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn, fáìlì ti padà síbi tó wà. Ìṣe trojan nìyẹn. Ó ti ní ibùba míì, bóyá nínú Task Scheduler tó ń ṣí nǹkan ní àsìkò tí wọ́n bá dá fún un, bóyá láàárín àwọn nǹkan tí Windows máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tó bá ti tàn, ibẹ̀ ló ti ń bí ara ẹ̀ padà.

Ká tó máa pe nǹkan lólè, ó yẹ ká rí ẹ̀rí. VirusTotal, ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo gbà fún ìyẹn. Ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2004, Google rà á ní 2012, ó sì máa ń bi antivirus tó lé ní àádọ́rin léèrè nípa fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ ò nílò láti gbé fáìlì náà sókè kó máa jẹ dátà yín. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ kọ certutil -hashfile, ẹ kọ ibi tí fáìlì wà àti orúkọ ẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ fi SHA256 parí. Ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn tó bá gbé jáde, tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì náà, ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ àyè ìwádìí VirusTotal. Tiwa pupa láti òkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ló ní fáìlì ò dáa, ẹ fara balẹ̀. Bí àwọn ńlá ibẹ̀ bá fẹnu kò, ẹjọ́ ti parí. Ẹ má sì gbé ìwé oníbàárà síbẹ̀ o, torí ohun tí ẹ bá gbé sókè, àwọn iléeṣẹ́ míì lè rí i.

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Màdáàmù, ká kúkú fọ́ọ̀mátì ẹ̀." Mi ò bá a jiyàn, fọ́ọ̀mátì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́ńtì tí mo ti kó jọ ńkọ́, àti àwọ̀ tá a ti tò tó bá maṣíìnì mu, ta ló máa tò ó padà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni Exclusions. Full scan Defender, àyẹ̀wò gbogbo kọ̀ǹpútà nígbà tí Windows ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ó sì yà mí lẹ́nu, nígbà tí VirusTotal ti sọ tiẹ̀. A wọ Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, a sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions. Fódà játijàti yẹn gan-an ló jókòó síbẹ̀! Trojan ti kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ọlọ́dẹ ò gbọdọ̀ yẹ̀ wò lẹ́nu géètì. A yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, a gba update tuntun fún Defender nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà, lẹ́yìn náà la wá lọ sí Scan options, a mú Microsoft Defender Offline scan.

Kọ̀ǹpútà á pa ara ẹ̀, á sì tàn sínú ojú mìíràn tí Windows gan-an ò tíì jí. Agbára ẹ̀ nìyẹn, torí bí Windows ò bá jí, trojan náà ò lè jí dìde kó di fáìlì ẹ̀ mú tàbí kó sá pamọ́. Microsoft ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. Hard disk tiwa ti darúgbó, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ rí i pé inverter kún tàbí pé jẹnẹrétọ̀ ní epo, torí NEPA ò ní dúró dè yín.

Ohun tí mo kà sí àléébù ẹ̀ ni pé ó ń dákẹ́ jù. Tó bá parí, á kàn tan Windows padà láìsọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa wá ohun tó ṣe nínú Protection history, ibi tí Defender ń kọ iṣẹ́ ẹ̀ sí nínú Windows Security. Ibẹ̀ la ti rí i pé ó ti mú un. Kò sì kó àjẹkù trojan kúrò. Autoruns, tó ń to gbogbo ohun tí Windows máa ń ṣí fúnra ẹ̀, tí Microsoft ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ bákan náà, ló fi ìlà yẹ́lò hàn wá, èyí tó túmọ̀ sí pé Windows ṣì ń wá fáìlì tí kò sí mọ́. A pa ìlà náà rẹ́. Èyí tó bá jẹ́ píńkì, ìyẹn èyí tí Autoruns ò rí ẹ̀rí ẹni tó ṣe é, ẹ má kàn pa á; dráífà pírọ́ńtà àtijọ́ tiwa wà lára wọn, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Malwarebytes ọ̀fẹ́, antivirus iléeṣẹ́ míì, tá a tún fi yẹ kọ̀ǹpútà náà wò ò rí nǹkan kan mọ́.

Defender ò bá wa tú iṣẹ́ oníbàárà tó farasin nínú fláàṣì sílẹ̀ o. Àṣẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* tá a kọ sínú Command Prompt ló ṣe ìyẹn, bí lẹ́tà fláàṣì yín bá jẹ́ E. Iṣẹ́ tá a rò pé ó ti lọ jáde padà, ká tó wá díléètì àwọn shortcut.

Mo fún Defender Offline ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò lè gba ohun tí trojan bá ti jí padà. Páásìwọ́ọ̀dù íméèlì àti ti báǹkì tẹ́ ẹ ti tẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, orí fóònù ni kí ẹ ti pààrọ̀ wọn, kì í ṣe orí ẹ̀rọ náà.