SSD àbí Háàdì Dísìkì fún Bákàpù: Ẹ Bi Mí Léèrè Lálẹ́ Ojúde Ọba

Fídíò ni mò ń yà jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè, ibi yòówù tí aṣọ ẹbí bá ti jáde, kámẹ́rà mi wà níbẹ̀. Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, máa ń kó fídíò tó lé ní 400 gígábáìtì lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí ń jó lọ síwájú ọba, àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin, eruku, ìró ìbọn. Tí fáìlì bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún ẹṣin gùn nítorí tèmi. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń ṣe bákàpù, ìyẹn ẹ̀dà kejì tí mo ń tọ́jú pamọ́.

Mẹ́ta ni ohun tí àwọn ọlọ́jà máa ń nà sí wa: háàdì dísìkì alágbèéká, tó ń fi àwo tó ń yí tọ́jú fáìlì, SSD olówó pọ́ọ́kú, tó ń fi ṣíìpù tọ́jú tirẹ̀, àti SSD tó lówó lórí. Mo ti fi owó ara mi ra méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta wà nínú láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní jókòó máa sọ fún yín pé SSD yára, pé kò ní ohun tó ń yí nínú. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ọdún 2024 ni ojú mi là. Mo ti ra SSD 1 tẹ́ràbáìtì ní Ìkẹjà, ọmọkùnrin tó tà á sì sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé háàdì dísìkì, ti àwọn bàbá wa nìyẹn." Ó fi fáìlì fíìmù kan dán an wò lójú mi, ó wọlé kí n tó ṣẹ́jú. Mo sanwó. Ní alẹ́ Ojúde Ọba, nǹkan bí 350 gígábáìtì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ kó 420 mìíràn sí i. Nẹ́pà ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ la tàn. Aago mẹ́sàn-án, mo bẹ̀rẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ ewé tí Windows máa ń fi hàn gbéra sókè: mẹ́gábáìtì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé àwo ẹ̀bà dání, ó ní, "Ọ̀gá, á parí kí n tó jẹun tán."

Ìṣẹ́jú kẹfà, àwòrán yẹn já wálẹ̀ bí ẹni já láti orí ọ̀pẹ. 400 di 45, kò sì gbéra mọ́. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́, 45 náà ni. Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ó ku nǹkan bí 90 gígábáìtì, fáìlì tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, ìdajì ló wọlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni wáyà. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó bú SSD yín. Ọ̀pọ̀ wáyà Type-C tó bá fóònù wá, USB 2.0 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é, kò ní kọjá nǹkan bí 40. Ihò tí ẹ ń kì wáyà bọ̀ lára láptọ́ọ̀pù náà lè jẹ́ 2.0. Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí àrùn wà nìyí: tó bá ti ń fà láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, wáyà tàbí ihò ni. Tó bá kọ́kọ́ sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó já wálẹ̀, SSD fúnra rẹ̀ ni. Tó bá ń já, tó ń gbéra, tó tún ń já, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná bí ikòkò, ẹ gbé e síwájú fáànù. Tó bá sì jẹ́ fọ́tò kéékèèké bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lẹ ń kó, kò sí irú dísìkì tí kò ní fà. Ẹ dì wọ́n pọ̀ di fáìlì zip kan kí ẹ tó kó wọn. Tèmi, wáyà inú páálí rẹ̀ ni, ihò aláwọ̀ búlúù, ìyẹn USB 3, ni, fídíò ńláńlá sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe yé mi. Inú SSD, ẹ kà á sí ilé tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún àlejò Iléyá: ẹní ni àwọn yàrá kéékèèké inú ṣíìpù rẹ̀, àlejò ni dátà. Nínú SSD tí wọ́n ń pè ní QLC, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ṣètò pé kó sùn lórí ẹní kan, TLC, mẹ́ta. Títo èèyàn mẹ́rin sórí ẹní kan kì í ṣe iṣẹ́ kíá. Nítorí náà, bí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, onílé á ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹní tirẹ̀. Ìyẹn ni eré tí wọ́n máa ń fi tajà fún wa. Tí ẹní bá wá tán, tí àlejò ṣì ń wọ́ dé, onílé á jí àwọn tó ti sùn, á há wọn mọ́ra ní mẹ́rin mẹ́rin, á tún máa gba àwọn tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni 400 ti ń di 45. Bí ilé bá sì ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni ẹní tó ṣófo ń dín kù, ìyẹn ni pé eré ìbẹ̀rẹ̀ náà á máa kúrú sí i. Mo ti fi àwọn bákàpù àtijọ́ gba ẹní tán kí Ojúde Ọba tó dé.

Fáìlì fíìmù kan tí ọlọ́jà fi dán an wò kò lè fi èyí hàn láéláé. Ẹ gbé 200 gígábáìtì dání lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kó bínú tó bá fẹ́. Wọn kì í sáábà kọ QLC tàbí TLC sára páálí. Ẹ wá a lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí wọn ò bá sọ, tí owó rẹ̀ sì kéré jọjọ, ẹ gbà pé QLC ni. Èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ 16 tẹ́ràbáìtì ní owó táṣẹ́rẹ́, èké ni. Káàdì mẹ́mórì kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sínú rẹ̀. H2testw tàbí F3, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, á tú u láṣìírí.

Háàdì dísìkì ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo kó 420 yẹn kan náà sínú èyí tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. 120 ló fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí wákàtí kan ló gbà. Bó bá ń kún, ó máa ń rọra dín kù, nítorí pé ibi tó sún mọ́ àárín àwo rẹ̀ kò yára tó etí, ṣùgbọ́n kì í já lójijì. Àlébù rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ já bọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn alágbèéká tún máa ń fà tí ẹ bá ń pa nǹkan rẹ́, tí ẹ ń kọ òmíràn lé e. Ẹ ṣáà máa kó kún un.

SSD TLC tó dáa kò ní já wálẹ̀ báyìí, ká sọ òótọ́. Owó rẹ̀ ni. Iye tí wọ́n pè é fún mi, ó tó ra háàdì dísìkì méjì: ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. SSD tí ẹ tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ láìfún un níná lè gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn ṣíìpù mẹ́mórì, ni pé SSD ti aráàlú tó ti lo gbogbo agbára ìkọ̀wé rẹ̀ tán gbọ́dọ̀ lè di dátà mú fún ọdún 1 láìsí iná, ní ìwọ̀n ooru 30. Tuntun á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi lábẹ́ páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe 30. Ẹ máa fún tiyín níná ní oṣù mélòó kan síra.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kiri pẹ̀lú báàgì, kó ra SSD TLC. Ẹni tí bákàpù rẹ̀ kò ju fáìlì ọ́fíìsì lọ, QLC á tó o. Èmi ṣì ń lo tèmi. Fídíò tí mo ti parí ni mo fi ń gbé lọ fún àwọn oníbàárà, 20 gígábáìtì lẹ́ẹ̀kan, kò sì fà rí. Ẹni tó bá ń kó ẹrù bíi tèmi, tó sì ń ra epo jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tó máa rà.

Ojúde Ọba 2025, háàdì dísìkì méjèèjì la kì bọ láptọ́ọ̀pù. Ọmọ iṣẹ́ mi wo 120 lójú, ó pòṣé, ó lọ bu ẹ̀bà rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo, ó sùn lọ lórí àga. Èmi ni mo jí i pé kó wá yọ wáyà.