Ejẹ́ńsì tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ní káńsù: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Prínńtà orí àjà kejì ló tú àṣírí wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pè mí láti ẹ̀ka ìnáwó pé bébà há sínú rẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ìka méjì rọra fà á jáde, ó ti rún bí ewé ẹ̀kọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí n lè mọ̀ bóyá ègé kankan ṣì kù nínú ẹ̀rọ, orúkọ ara mi ni mo rí. Ínfọ́ìsì tí ejẹ́ńsì mi fi ń béèrè owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ káńsù ni. Ọjọ́ márùn-ún, £312 lójúmọ́, £1,560, VAT £312, àpapọ̀ £1,872.

£230 lójúmọ́ ni èmi ń gbà.

Àǹtí ará Ìjẹ̀bú tó ni ìwé náà gbà á lọ́wọ́ mi wéré. Wọ́n ní, "Àbúrò, o ò rí nǹkan kan o."

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, mà."

Kọngílá ni wọ́n ń pe irú wa. Nílé, tí wọ́n bá ní kọngílá, ọkùnrin oníkùn tó ń fi jíìpù rìn lèèyàn ń rò. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èmi tí mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ tún láptọ́ọ̀pù ṣe fún káńsù, kọngílá ni èmi náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí, ọmọkùnrin tó ń ṣètò mi ní ejẹ́ńsì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún péré làwọn ń mú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣírò ó lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí ínfọ́ìsì. £82 ló wà láàárín. Ẹ fi wé £312 tí káńsù ń san, ó lé ní ìdá 26. Ẹ fi wé £230 tèmi, ó lé ní ìdá 35. Owó kan náà ni o! Èyí tó bá máa kéré lójú yín ni wọ́n á fi ṣe ìṣirò. Síbẹ̀, bí mo ṣe yí i tó, 15 kò jáde.

£230 ọ̀hún gan-an kò sì dé ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀. Umbrella company tí wọ́n ní kí n gba abẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó mi lọ́wọ́ ejẹ́ńsì kó tó san án fún mi bí agbanisíṣẹ́, á kọ́kọ́ yọ National Insurance, owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí òṣìṣẹ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún báyìí, á yọ £22 tiwọn lọ́sẹ̀, kí owó orí tèmi tó dé. Ejẹ́ńsì kò fi ìyẹn pa mọ́, mo gbà. Ó wà nínú Key Information Document, ìwé tí òfin ti ní kí wọ́n máa fún irú wa láti oṣù kẹrin ọdún 2020 kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ojú ewé méjì, ó yé mi yékéyéké. Iye tí oníbàárà ń san fún wọn nìkan ni kò sí níbẹ̀, òfin kò sì ní kí wọ́n kọ ọ́.

Mo pè wọ́n. Mi ò dárúkọ prínńtà. Mo kàn béèrè pé èló lẹ ń gbà lórí mi? Ọmọkùnrin yẹn ní àṣírí òwò ni. Mo ní ó dáa, kọ́ńtíráàtì mi á parí lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì tíì fọwọ́ sí tuntun. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló pè padà: £255.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ọjọ́ Ẹtì kan ò yẹ̀ rí. Kí n tó mu tíì àárọ̀ tán, owó ti wọlé, títí kan oṣù tí Àǹtí ń kùn pé káńsù kò tíì san gbèsè ejẹ́ńsì. Òfin ọdún 2003 lórí àwọn ejẹ́ńsì tó ń báni wá iṣẹ́ ló dè wọ́n, wọn ò lè ní torí oníbàárà ò tíì sanwó kí n máa dúró. Wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi láti wá iṣẹ́. Ní Ìkẹjà lọ́dún 2014, kí n tó jókòó ni ejẹ́ńsì tibẹ̀ ti ní kí n ra fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ mẹ́ta ti wá.

Ìgbà tí ọ̀gá mi ní káńsù fẹ́ gbà mí síṣẹ́ gan-an, lówó oṣù tó jẹ́ £42,000 lọ́dún, ni wọ́n wá bí mi nínú. Ejẹ́ńsì ní kí káńsù san £8,400 kí wọ́n tó lè gbé mi. Ọ̀gá mi ní owó yẹn ò sí. Àmọ́ òfin kan náà fi gbèdéke sí i: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, tàbí ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò lè béèrè nǹkan kan. Ìwé opt-out, èyí téèyàn fi ń yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin yẹn, tí wọ́n kó mọ́ àwọn ìwé yòókù ì bá ti gba ààbò yẹn lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló ní n ò ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà.

Mo parí kọ́ńtíráàtì, mo jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, mo ń fi mọ́tò àbúrò mi gbé pásẹ́ẹ̀lì kiri Woolwich nínú òjò. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo wọlé bí òṣìṣẹ́ káńsù. Àǹtí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò, káàbọ̀. Prínńtà yẹn ti tún há o."