Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin òbí sójà: ẹnikẹ́ni kì í ta àyè nínú bàálù ológun

Ẹ̀yin ará wa ní Maryland, Texas, Georgia àti níbikíbi tí ẹ bá wà, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ń kiri inú WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ ìlú àti ti ìjọ wa. Ó ní sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì lòun, ó sì ń ta ohun tó pè ní ètò ìrìn àjò ìdílé ológun fún àwọn òbí tó fẹ́ lọ wo ọmọ wọn ní Jámánì. Irọ́ ni. Jìbìtì gbáà ni. Àbúrò mi obìnrin ti sanwó fún un, owó náà sì ti bómi lọ.

Ohun tó ń tà ni àyè nínú bàálù ológun láti pápákọ̀ òfurufú BWI ní Baltimore lọ sí Ramstein, bárékè òfurufú àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Jámánì, àlọ àti àbọ̀, 350 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti san ìyẹn, ó tún kan 120 dọ́là fún ìwé tí yóò mú yín wọ bárékè. Bí ẹ bá san ìyẹn náà tán, ó kan owó àsansílẹ̀ fún yàrá nínú ilé àlejò tó wà nínú bárékè. Ẹni tó bá ti béèrè iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Frankfurt lásìkò ọlidé iléèwé rí, á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fi ń wọ àwọn òbí létí.

Òótọ́ díẹ̀ ló fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàálù ológun tó ń gbé èèyàn láti BWI lọ sí Ramstein wà lóòótọ́. Ètò kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Space-A, tí sójà, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyàwó tàbí ọmọ wọn lè fi jókòó sí àyè tó bá ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìjọba kì í ta àyè yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í gbà á sílẹ̀ dè yín. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀, á lọ jókòó sí pápákọ̀, wọ́n á wá máa pe orúkọ bí ipò kálukú bá ṣe rí: ẹni tó wà lórí ìsinmi pàjáwìrì ló ń ṣáájú, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wà lẹ́yìn. Bí àyè bá tán, ẹ padà sílé, tàbí kí ẹ dúró de òmíràn. Àwọn kan ti sùn sí pápákọ̀ nítorí rẹ̀. Ètò ìgbéra bàálù náà gan-an, wákàtí 72 ṣáájú ni wọ́n máa ń gbé e síta. Owó kan ṣoṣo tó lè wọ̀ ọ́ ni owó orí kékeré tí ìjọba ń gbà lórí bàálù tí ológun háyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aládàáni, ìdí káńtà ní pápákọ̀ sì ni wọ́n ti ń san án. Wọn kì í san án sínú Zelle ẹnì kan, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù.

Èyí tó kan àwa òbí jù nìyí: bàbá àti ìyá sójà kò sí lára àwọn tó lè wọ bàálù yẹn, àfi bí ìjọba bá ti kà wọ́n sí ẹni tí sójà náà ń bọ́. DFAS, iléeṣẹ́ tó ń san owó oṣù àwọn ológun, ló ń yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, sójà náà sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ń gbé ohun tó ju ìdajì ìnáwó òbí òun lọ. Wọ́n á wá fi orúkọ òbí náà sínú DEERS, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ológun àti ẹbí wọn, wọ́n á sì fún un ní káàdì ìdánimọ̀ ológun tirẹ̀. Bí káàdì yẹn kò bá sí lọ́wọ́ yín, bàálù yẹn kì í ṣe tiyín. Bó bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò nílò ọkùnrin kankan láti bá yín rà á.

Mo ti rí ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Òǹtẹ̀ ìjọba wà lókè, ẹyẹ idì na ìyẹ́, orúkọ ọmọ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ipò rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, wọn ò ṣi lẹ́tà kan kọ. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà ìjókòó mẹ́rin sí, 14C títí dé 14F, pẹ̀lú ọjọ́ ìgbéra tó ṣì ku oṣù méjì gbáko. Nọ́ńbà ìjókòó yẹn nìkan ti tú àṣírí rẹ̀. Níbi tí àwọn tó ni bàálù gan-an kò ti lè sọ bóyá àyè máa wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, báwo ni ará ìta ṣe fẹ́ fún yín ní ìjókòó oṣù méjì síwájú? Gmail ló sì fi fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, àdírẹ́sì í-meèlì iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà máa ń parí sí .mil.

Ibo ló ti mọ ẹgbẹ́ ogun ọmọ wa? Orí Facebook ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ sójà, ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ síta tayọ̀tayọ̀, bí òbí èyíkéyìí ṣe máa ṣe. Green card ló wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn nígbà tó wọṣẹ́, inú iṣẹ́ yẹn náà ló ti di ọmọ onílùú. Ó tọ́ kí ìyá rẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé hàn gbangba ní àyà aṣọ rẹ̀, àmì ẹgbẹ́ ogun hàn ní èjìká, ìyá sì tún kọ orúkọ ìlú tí wọ́n gbé e lọ sábẹ́ fọ́tò. Gbogbo ohun tí oníjìbìtì nílò ti pé. Ẹ lọ wo fọ́tò tiyín lónìí.

Síbẹ̀, ìwé yẹn kọ́ ló mú àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú un. "Mọ́mì sójà wa, ẹ má tíì sọ fún un o. Ẹ jẹ́ kó kàn gbúròó yín ní ẹnu géètì." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ohun tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Yorùbá tó dán ni, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àdúrà. Ọmọ tí ẹ ti ń fojú sọ́nà láti rí, tí ẹ ti di ata gbígbẹ àti èlùbọ́ sílẹ̀ dè, ta ni kò ní fẹ́ yà á lẹ́nu? Ìgbà tó wá di pé àbúrò mi fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ohùn ọkùnrin yìí yí padà. Ó ní àṣírí ìjọba ni ọ̀rọ̀ bàálù ológun, pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n lè ti ọmọ náà mọ́lé. Ìyá wo ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní pa ẹnu mọ́?

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí wò dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ fún wa láàárín ìṣẹ́jú kan pé irọ́ ni, òun náà ni ọkùnrin yìí ní ká má ṣe bá sọ̀rọ̀. Ó fi ìfẹ́ ọmọ pa ìyá lẹ́nu mọ́, nígbà tí ìfẹ́ kò tó mọ́, ó fi ìbẹ̀rù dì í.

Owó ìsinmi ló tú àṣírí ọkùnrin yìí nígbẹ̀yìn. Ó ní kí àbúrò mi ra gíífù káàdì 400 dọ́là kí ọ̀gá ọmọ náà lè fún un láyè láti gbàlejò. Nígbà yẹn ló pè mí, tí mo sì pe ọmọ náà ní tààrà. Ẹ gbọ́: sójà Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 30 ìsinmi lọ́dún, ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló ń wọlé fún un lóṣooṣù, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé bó bá wà nínú ìsinmi. Sójà kì í sanwó kó tó gba ìsinmi, ẹbí rẹ̀ kì í san án. Irọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó rò pé sójà ló ń fẹ́ àwọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ ṣe máa wọ bárékè kò le rárá. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló máa wá sí ọ́fíìsì àlejò lẹ́nu géètì, á fi káàdì rẹ̀ hàn, ẹ̀yin náà á mú páṣípọ́ọ̀tù yín jáde, á sì fọwọ́ sí i pé òun ló gbà yín lálejò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá ilé àlejò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin yìí tún ń ta yàrá Edelweiss Lodge ní Garmisch, ilé ìtura tó jẹ́ ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, ní ìdajì owó. Ẹ má dá a lóhùn. Ó sì tún ń sọ pé ẹ máa lè ra ọjà tí kò ní owó orí nínú ṣọ́ọ̀bù bárékè. Ọjà yẹn wà fún ẹni tó ní káàdì ológun, kì í ṣe fún àlejò, kọ́sítọ́ọ̀mù Jámánì kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti físà. Àbúrò mi ní green card, ṣùgbọ́n páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ìwé bárékè tòun ti dípò físà, pé àdéhùn NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ wà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà wà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1951. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun, àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọn lọ, àti ẹbí tí wọ́n ń bọ́ ló wà fún. Ìyá tó kàn fẹ́ lọ kí ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò sí níbẹ̀. Green card kò sì yọ ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú físà Schengen, ìyẹn físà tí wọ́n fi ń wọ Jámánì. Ká tiẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ òótọ́, ẹnubodè ni wọn ì bá ti dá a padà, tòun ti ẹrù rẹ̀.

Físà tòótọ́ ní iye tirẹ̀, kò sì fara sin: láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni fún àgbà, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ẹ nílò ìbánigbófò tó lè gbé ìnáwó ìwòsàn tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó lọ. Lẹ́tà ìkésíni ọmọ yín máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní páṣípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kò nílò físà, 90 ọjọ́ láàárín 180 ni tirẹ̀. Ẹ wọ bàálù gidi lọ sí Frankfurt, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Kaiserslautern, ìlú tó wà nítòsí Ramstein, ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Nǹkan bí 50,000 ará Amẹ́ríkà ló wà ní agbègbè yẹn, ojú ọ̀nà là kedere.

Kò mọ sí Maryland nìkan o. Nígbà tí ọkùnrin yìí gbọ́ pé ìyá wa wà ní Ìbàdàn, ó ní bàálù ológun lè yà ní Èkó gbé màmá. Bàálù ológun Amẹ́ríkà tó ń yà ní Èkó gbé ìyá àgbà kò sí. Ẹ pe àwọn tó wà nílé, ẹ sọ fún wọn.

Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ tètè gbéra. Bó bá jẹ́ káàdì báńkì lẹ fi san án, ẹ pe báńkì yín kí wọ́n dá owó náà dúró. Bó bá jẹ́ gíífù káàdì, ẹ má sọ rìsíìtì nù, ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni káàdì náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ẹjọ́ náà sí ic3.gov, tó jẹ́ ti FBI, àti reportfraud.ftc.gov, ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ lọ sọ́dọ̀ EFCC. Ẹ sọ fún ọmọ yín, kí òun náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé ayédèrú.

Fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù tí ọkùnrin yìí gbà lọ́wọ́ yín ló sì ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ. Ó gba fọ́tò ojú ìwé páṣípọ́ọ̀tù gbogbo àwọn tó fẹ́ rìn, ó tún gba nọ́ńbà Social Security, ó ní ti ìwé bárékè ni. Ẹni tó bá fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i, ẹ lọ ti àkọsílẹ̀ gbèsè yín pa, èyí tí wọ́n ń pè ní credit freeze, ní Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, lálẹ́ òní. Láti 2018 ni ìyẹn ti di ọ̀fẹ́. Bí ẹnì kan bá ti fi orúkọ yín yáwó, ẹ lọ sí identitytheft.gov.

Wọ́n ti lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ kan, ó ti gba orúkọ mìíràn wọ òmíràn. Nọ́ńbà tó fi pe àbúrò mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mi ò ní gbé e síbí. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú gbogbo ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà wà, kẹ́ ẹ sì fi ohùn kà á sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn kò ríwèé kà dáadáa mọ́.