Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta processor "ó máa wọlé, ó máa ṣiṣẹ́"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ processor rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe gbogbo ìṣírò inú rẹ̀), ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn.

Kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Socket (ihò tí processor ń wọ̀) LGA 775 ló wà lórí motherboard rẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, processor Core 2 Duo E7500 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo wo ìkànnì àwọn tó ṣe motherboard náà, mo sì rí i pé ó gba Core 2 Quad Q9650, processor tó lágbára ju tèmi lọ. Mo wá rí ọ̀gá kan tó ń tà á lórí ìkànnì ọjà àlòkù. Ó ní òun ti dán an wò. Ó ní, "Ó máa wọlé, ó máa ṣiṣẹ́, ẹ má fòyà." Ó tún ní kí a kúrò lórí ìkànnì ọjà náà, kí a máa sọ̀rọ̀ níta, kí owó rẹ̀ lè dín. Mo gbà fún un. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé, mo yọ E7500, mo fi tuntun sí àyè rẹ̀, ó sì wọlé wẹ́kú lóòótọ́. Mo tẹ bọ́tìnì. Fáànù yí, iná tàn, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri, kò sì dún rárá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó kú, ó tún tan fúnra rẹ̀, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ṣáá.

Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Mo wò ó bóyá mo gbàgbé wáyà kékeré tó ń gbé iná volt 12 wá fún processor. Ó wà níbẹ̀. Mo yọ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà), mo nù ún, mo dá ẹyọ kan ṣoṣo padà. Mo fa wáyà iná yọ, mo yọ bátìrì CR2032 pẹlẹbẹ tó wà lórí motherboard, mo fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà) lè gbàgbé gbogbo ètò tí wọ́n ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn abẹ́rẹ́ tíńtìntín inú socket, nítorí pé bí ọ̀kan bá tẹ̀, ó lè mú kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò sí èyí tó tẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá náà. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ dáadáa, nítorí irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún ẹ̀yin náà nìyẹn: "Ẹ̀gbọ́n, motherboard yín ló ti kú. Ó ti gbó, kò lè gbé agbára rẹ̀. Mo ní òmíràn tó dáa, màá bá yín dín owó rẹ̀ kù."

Ó ta ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún mi, ó wá sọ pé tèmi ló bàjẹ́, kí ó lè rí òmíràn tà fún mi. Ó sì kù díẹ̀ kí n sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó kó mi yọ ni pé mo dá E7500 padà sí àyè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà tan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Motherboard kò kú, kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju processor àtijọ́ yín nù, ẹ má sì tà á, títí èyí tuntun yóò fi tan, tí yóò sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Ìgbà náà ni mo wá yí èyí tí mo rà dojú dé. Sítíkà kan tí kò tó èékánná ọwọ́ ló lẹ̀ mọ́ àwọn ojú wúrà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn abẹ́rẹ́ socket ti ń kàn án. Ibi méjì ló yẹ kí wọ́n ti gé etí processor náà wọnú díẹ̀. Tèmi ní mẹ́rin, méjì nínú wọn sì rí gánnagànna bí ohun tí wọ́n fi fáìlì rẹ́. Lórí rẹ̀, lẹ́tà "Q9650" fẹ́lẹ́, irin náà sì kún fún ìlà-ìlà bí ìgbà tí wọ́n bá fi sáńpépà ha nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní motherboard kan tó ti tún BIOS rẹ̀ ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. A fi í síbẹ̀, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún wa: Xeon E5450.

Xeon yìí jáde ní 2007 fún kọ̀ǹpútà server tó ní socket LGA 771. Òun náà ní core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́) mẹ́rin, 3.0 GHz, àti cache (ìrántí inú processor) 12 MB bíi Q9650, ṣùgbọ́n lọ́jà àlòkù, owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti Q9650 rárá. Sítíkà yẹn ló ń pààrọ̀ ojú méjì fún ara wọn kí ó lè bá LGA 775 mu. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe é ní gbangba, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí BIOS ní àwọn ìtọ́sọ́nà kékeré tí à ń pè ní microcode fún processor tí wọ́n bá fi sí i. Motherboard mìíràn tí kò bá rí i nílé yóò kọ̀ jálẹ̀, kò sì ní sọ ìdí. Ẹni tó bá ta Xeon fún mi ní orúkọ Xeon, tó sì ṣàlàyé ohun tó ṣe sí i, kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ha orúkọ rẹ̀ kúrò, tó kọ orúkọ mìíràn sí i, tó wá gbowó orúkọ mìíràn náà, olè ni.

Ọ̀rọ̀ "ó máa wọlé" yẹn gan-an, ẹ má gbà á gbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. LGA 775 ti wà láti 2004. Motherboard tí wọ́n ṣe fún Pentium 4 nígbà yẹn kò lè gbé Core 2 Quad ti 2008, bó tilẹ̀ wọ ihò kan náà. Bákan náà ni socket LGA 1151: àwọn processor Intel ìran kẹjọ ti 2017 wọ inú rẹ̀, wọn kò sì ṣiṣẹ́ lórí motherboard tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje. Ní ti LGA 1155, ọ̀pọ̀ motherboard 2011 ni kò ní dá processor 2012 mọ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí i. Èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí pé tuntun náà kò ní tan débi tí ẹ ó fi lè ṣe é. Tí wọ́n bá sì ta Xeon E3-1230 v2 fún yín, kò ní ohun tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà nínú ara rẹ̀. Láìsí káàdì àwòrán, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn bó tilẹ̀ pé processor náà yè.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ó ya fọ́tò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe orí nìkan. Ẹ ní kí ó ya fídíò ibi tí BIOS ti ń pe orúkọ rẹ̀, kí ó sì fi bébà tí ó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo kóòdù tó wà lórí rẹ̀. SLB8W ni ti Q9650. Tí ẹ bá rí "Intel Confidential", ohun ìdánwò ni, kò yẹ kó dé ọjà. Ẹ má sanwó níta ìkànnì ọjà. Mo bẹ àwọn tó ni ìkànnì náà, wọ́n ní àwọn kò rí owó kankan tó gba ọwọ́ àwọn kọjá, wọn kò sì lè ràn mí lọ́wọ́.

Ọ̀gá náà kò dá mi lóhùn mọ́. Fọ́tò kan náà ṣì wà lójú ìpolówó rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí. Tí ẹ bá ti rà á, tí tiyín náà kọ̀ tí kò tan, ẹ má tíì ra motherboard. Ẹ dá ti àtijọ́ padà ná, kí ẹ sì ya fọ́tò ìsàlẹ̀ tuntun náà ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín wò ó.